Oògùn Inú Abọ́ Kan

Àlàmísì, 7 Ògọ́ọ̀sì 1975

Sísítà Yéwándé ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kọ nínú wa ra ìwé kan, kó máa fa ìlà mẹ́ta síbẹ̀ lójoojúmọ́: ìlà kan fún hóró oògùn àárọ̀, ìkan fún ti ọ̀sán, ìkan fún ti alẹ́. Nínú àwa mẹ́rìnlélógún tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwa mẹ́ta péré la nawọ́. Mo na tèmi sókè dáadáa. Epo tí ìyá mi tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó ka Ìwé Kẹfà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Iwájú ìwé yìí ni ti ilé ìwòsàn. Mo yí i padà, mo ń ti ẹ̀yìn kọ tèmi bọ̀.

Dókítà Malick ló ń dán oògùn náà wò, ọmọ ìlú yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé. Ó fi Wolof, èdè ọjà ìlú yìí, ṣàlàyé, Sísítà tún un sọ ní Aku, Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá ń sọ níbí. Ojúlówó oògùn wà nínú àwọn ìgò kan, ìyẹ̀fun lásán ló wà nínú àwọn yòókù, hóró wọn sì jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Wọ́n ti kọ ohun tó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé tirẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní ṣí i títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún yóò fi pé. Nọ́ńbà 17 ni wọ́n fún mi. Mo gbàdúrà sí i kí n tó gbé e sápò.

Wọ́n fi fíìmù àwòrán egungun, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi mọ́ gaara, lé ojú egbò mi, Sísítà sì fi bírò fa etí rẹ̀ yípo. Nígbà tó gbé e sójú fèrèsé, máàpù Gánà ni mo rí, mi ò purọ́. Gánà tó lé wa, tí àpótí abọ́ bọ́ lù mí lójúgun níbi tí a ti ń sáré kẹ́rù sí lọ́rì ní Kùmásí, òun náà ló tún wà lórí ẹsẹ̀ mi láti ọdún kẹfà. Wọ́n gbé e lé ìwé tó ní ojú kéékèèké bíi ti àwọ̀n, wọ́n ka iye ojú tó bò. 86.

Jímọ̀ọ́, 8 Ògọ́ọ̀sì

Bàbá Kàfáyàt béèrè ohun tó wà nínú oògùn. Mo ní dókítà sọ pé sínkì ni.

"Sínkì wo? Èyí tí a fi ń kan òrùlé?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní òun ò tíì rí ilé kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òrùlé rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò ní ṣíwọ́. Àmọ́ òun náà ló gbé omi wá fún mi tí mo fi mu ti alẹ́. Ìlà mẹ́ta.

Àlàádì, 10 Ògọ́ọ̀sì

Òjò látàná. Omi wọ ọjà Albert dé orókùn. Kàfáyàt dá lọ sí ìsọ̀, abọ́ tánganran mẹ́fà ló tà, kò burú. Wọ́n ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ sókè, mo gbé e lé àpótí, mò ń pàṣẹ bí ayaba.

Àlàmísì, 14 Ògọ́ọ̀sì

Níbikíbi tí mo bá jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, àyè máa ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òórùn egbò kì í fara pamọ́, mo sì ti mọ̀ ọ́n lára. Lónìí obìnrin kan rìn wá, ó fi ìdí lélẹ̀ síbẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo sún. Ó sún tẹ̀ lé mi.

"Ẹja ni mò ń yan láti òwúrọ̀," ló wí. "Ta ló máa mọ òórùn tìẹ yàtọ̀ sí tèmi?"

Kumba lorúkọ rẹ̀, àdúgbò Half Die ló ń gbé. Egbò tirẹ̀ wà lókè kókósẹ̀, ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà 9 ni ìgò rẹ̀. Wolof ọjà tí mo gbọ́ tó fún wa láti fi tàkúrọ̀sọ títí wọ́n fi pè wá.

Mo ń ronú rẹ̀ bọ̀ wálé. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò pọ̀. Mi ò ní kí ẹsẹ̀ mi dùn-ún wò, mi ò lọ síbi ijó. Mo fẹ́ dúró ní sáàfù ní Yídì kí ẹsẹ̀ obìnrin mìíràn kan ẹsẹ̀ mi bó ti yẹ. Iléyá àkọ́kọ́ tí a ṣe níbí, ti apá ọ̀tún sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti apá òsì sún, mo wá dá dúró láàárín bí òpó. Látìgbà náà, inú yàrá ni mo ti ń kírun ọdún. Bàbá Kàfáyàt kì í bi mí ìdí.

Àlàmísì, 21 Ògọ́ọ̀sì

Àgbàrá gba ojú ọ̀nà ní Mile Two, ọkọ̀ dókítà kò lè ti Fajara wọ̀lú títí oòrùn fi ga. Kò sẹ́ni tó bínú. Nígbà tó dé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orókùn, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹlẹ́gbò, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Tèmi ti di 79. Ti Kumba kúrò ní 52, ó di 50.

Sísítà kí mi ní "Kushe o, Mama." Mo dá a lóhùn pé ẹ kú iṣẹ́. Ó ní ohun kan náà lòun wí. Mo ní mo mọ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Orúkọ Yorùbá, ẹnu Aku, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lójú egbò ju ti ẹnikẹ́ni tó ti fọ̀ ọ́ fún mi rí. Ọlọ́run á fún un ní èrè rẹ̀.

Àlàmísì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

76. Ọjọ́ Àlàádì lààwẹ̀. Sísítà ní aláìsàn lè má gbà á. Mo ní egbò ti gba sáàfù lọ́wọ́ mi, kò ní gba ààwẹ̀ mọ́ ọn. Kumba fọwọ́ gbá itan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí n sọ fún wọn. Dókítà rò ó wò, ó ní ó dáa, kí á máa mu hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìṣínu àti sààrì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ti oúnjẹ yẹn.

Àtìní, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lánàá, bí wọ́n ti pèrun, ẹ̀rù bà mí pé oorun lè gbé mi lọ kí n tó mu oògùn tán. Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fi ife ńlá wónjò, omi ìṣápá kíkan, tì í. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bàbá Kàfáyàt di orí mi mú, ó ní, "Òrùlé ti ń jò." Mo bì tán kí n tó bínú sí i.

Àlàrùúbá, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bẹ́ẹ̀ náà lánàá. Hóró mẹ́ta, wónjò, èébì. Inú mi dùn sí i lọ́nà kan. Oògùn tó le ló ń gbo ènìyàn báyìí.

Àlàmísì, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kumba ní ojú mi ti wọnú. Mo sọ ohun tí oògùn ń ṣe mí fún un. Ó wò mí.

"Èmi ò mọ nǹkan kan lára," ló wí. "Màá jẹ ìrẹsì ẹlẹ́pà yó, màá gbé e mì, màá lọ kírun."

Kò sẹ́ni tó nílò ìwé London kó tó lóye èyí.

"Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fún mi," ni Kumba wí. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun bá mi yọ̀. Ó sì bá mi yọ̀ lóòótọ́, kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó bá bú mi, ì bá sàn.

Jímọ̀ọ́, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ ṣínu lọ́dọ̀ Kumba. Mo mú abọ́ tánganran olódòdó kan dání fún un, ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lọ ní ìsọ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì kan ṣoṣo sáàárín, gbogbo ilé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Kumba sì ń já ẹran ẹja síwájú mi bí wọ́n ti í ṣe fún àlejò. Èyí tó dára jù lára ẹja ló ń já fún mi, ìdí egungun ló fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́, ìgò mi wà lápò, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tí a jẹun tán, mo ní, "Kumba, gbé ìgò rẹ wá."

Mo da hóró mọ́kànlélógún tirẹ̀ àti mọ́kànlélógún tèmi, èyí tí a gbà lánàá, sínú abọ́ tuntun náà. Mo fọwọ́ rò ó pọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé tèmi rèé, tìẹ nìyí. Mo pín in sọ́gbọọgba padà sínú ìgò méjèèjì. Kumba ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mi ni mò ń pín yẹn. Mo ní inú abọ́ kan la ti jẹun, inú abọ́ kan la ó ti jẹ oògùn. Ó sunkún, mo ní kó nu ojú rẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí i.

Mo mu tèmi lẹ́yìn oúnjẹ, n kò bì. Ó ti dín kù sí ìdajì, kí ló máa fi gbò mí? Mo fún obìnrin yìí ní ìdajì ẹsẹ̀ mi nínú oṣù ààwẹ̀. Ọlọ́run ló rí mi, mi ò sì ní dọ́gbọ́n sọ ọ́: inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Àlàmísì, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

70. Sísítà bi mí: "Yu de drink ọl di mẹrẹsin, Mama? Tri tri?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta mẹ́ta. Mo fi ìlà inú ìwé hàn án. Ẹnu ààwẹ̀ ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mò ń mu lóòótọ́, kò béèrè mẹ́ta ta ni.

A pín ti ọ̀sẹ̀ yìí náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àlàmísì, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

61! Ìdajì oògùn, egbò sì ń sáré padà sílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọlọ́run ń san án fún mi. Ti Kumba wà ní 46, kò yára rárá. Mo ní kó ṣe sùúrù, ndank-ndank, díẹ̀díẹ̀ ni, bí wọ́n ti í wí. Mo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, ó sì ń dúpẹ́.

Ṣúgà ti gbówó lórí, àlùbọ́sà náà ń tẹ̀ lé e. Ọdún ti súnmọ́lé.

Àtìní, 6 Òkítóbà. Ìtúnu

Mo kírun ní yàrá. Bàbá Kàfáyàt dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó ní òórùn náà ti lọ, òun ò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní imú rẹ̀ ti kú láti ọdún kẹfà, kò lè ṣẹlẹ́rìí. Ó ní imú òun ò kú, òun kàn fẹ́ràn aya òun ni. Ó bá jáde lọ. Mo jókòó lórí ẹní, mo dúpẹ́ nítorí rẹ̀ kí n tó dúpẹ́ fún ààwẹ̀.

Àlàmísì, 9 Òkítóbà

52. Inú dókítà dùn débi tó fi jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín wa. Ó ní tí gbogbo rẹ̀ bá parí, òun á kọ iye tí òun kà sínú ìwé tí àwọn dókítà ilẹ̀ mìíràn ń kà, wọn yóò sì fi mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú ẹlẹ́gbò tiwọn, ní Índíà, ní Jàmáíkà, níbi gbogbo. Sísítà wá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún wa: "Wetin una fut tọk, na in wi go tẹl dẹm." Ohun tí ẹsẹ̀ yín bá sọ, òun la ó sọ fún wọn.

Kumba wò mí. Mo wo ilẹ̀. Lónìí a ò pín oògùn, kálukú gbé ìgò tirẹ̀ lọ sílé.

Jímọ̀ọ́, 10 Òkítóbà

Bàbá Kàfáyàt ń sọ ìwáàsí lèmọ́mù fún mi bó ti máa ń ṣe. Ó ní lèmọ́mù wí pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹnu á dákẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n á máa bi léèrè. Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Ó bi mí ohun tó dé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí abọ́ títí dé orí ìlà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tí o bá sọ, wọ́n lè lé ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Tí o kò bá sọ, ẹsẹ̀ rẹ á jinná, á sì máa jẹ́rìí èké kiri Índíà."

Ó ní òun ò ní pàṣẹ fún mi. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó pàṣẹ.

Àtìní, 13 Òkítóbà

Mo lọ bá Kumba níbi ààrò ẹja, mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni. Ó ní, "Bí wọ́n bá lé wa, ìwọ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ jinná. Èmi ni màá padà síbi tí mo wà." Òótọ́ ni. Ó yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìkẹyìn. Nígbà náà ló wá ní, "Àlàmísì, kí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Wolof rẹ á pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ìbínú wọn á rọ̀."

Àlàmísì, 16 Òkítóbà

Mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sísítà Yéwándé gbé àwo gọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Mama Mutia, una don spoil di wọk," ló wí, ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Ìyẹn burú ju ariwo lọ. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó béèrè ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó wà nínú ìwé mi. Sísítà gbà á, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó ń jẹ́ Yéwándé, kò lè ka Yorùbá. Dókítà ní kí n ka ọjọ́ náà kí n sì tú u sí Wolof.

Mo kà á. Mo ka ẹja, mo ka abọ́, mo ka hóró tí mo fọwọ́ rò. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo fún obìnrin yìí ní ìdajì ẹsẹ̀ mi, mo fẹ́ fò ó. Kumba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò fò ó. Mo ka ti inú mi tó dùn sí ara mi náà.

Dókítà dìde, ó wọ yàrá, ó mú àpòòwé méjì jáde. Ó ní a ti kúrò nínú ìwé òun báyìí, 9 àti 17, òun ò lè kà wá mọ́, torí náà kò sí ohun tó ní kí òun má ṣí ti àwa méjèèjì. Ó ya èkíní. Ó wò mí bí ẹni pé ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́.

"Nọ́ńbà 17. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, Mama."

Ó ya èkejì. Sínkì ló wà nínú ti Kumba.

Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò. Mo ní, èébì tí mo bì ńkọ́? Sísítà béèrè ohun tí mo fi ṣínu lọ́jọ́ náà. Mo ní wónjò. "Fọs mẹrẹsin, den wónjò, fọ ẹmti bẹlẹ?" Ó ní òun pàápàá á bì í, òun tí kò tilẹ̀ gbààwẹ̀.

Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì, mo sì dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ oògùn Kumba tí mo ń rò pé òun ló ń jẹ tèmi. Mo gba ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù! Mo yíjú sí i, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sì di apá mi mú torí ẹsẹ̀ mi. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí Sísítà fi bá a rẹ́rìn-ín.

"Mùtíà," ló wí, "nígbà tí ọwọ́ bá ti wọ abọ́, ta ló ń kà á?"

Dókítà kò lé wa. Ó ní òun á máa fọ egbò wa ní gbogbo Àlàmísì bí ti tẹ́lẹ̀, a ò kàn sí nínú ìwé mọ́ ni. Oògùn gidi tó kù lórí nọ́ńbà 9 kò ju ti ènìyàn kan lọ títí ọ̀sẹ̀ á fi pé, ó sì bi wá bí a ṣe fẹ́ ẹ. Kumba ti ń la ẹnu pé a ó pín in. Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ ní Wolof, mo tún un sọ ní Yorùbá kó lè yé èmi fúnra mi. Odindi ni kó gbà á.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá tèmi á jinná láìsí i. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní bí òun bá mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, òun ì bá má kà á. Ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ báńdéèjì, ó lè jẹ́ àpótí tí mò ń gbé ẹsẹ̀ lé. Irọ́ kan ì bá tù mí nínú, kò pa á.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó kúrò níbẹ̀. Ó le lẹ́nu mi ju ìjẹ́wọ́ lọ.

Jímọ̀ọ́, 17 Òkítóbà

Kò sí ìlà láti fà lónìí. Ojú ìwé iwájú ṣófo. Bàbá Kàfáyàt wá rí ẹnu: ó ní ó dáa, òrùlé Kumba ni mo ti ń jẹ, kí n lọ bá a wá páànù.

Àlàmísì, 30 Òkítóbà

Wọ́n ṣì ń fi fíìmù fà á fún mi, fún ojú ara wa, bí Sísítà ti wí. 47. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé yóò dúró. Mò ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, mo ti fi ọjà sílẹ̀ pátápátá fún Kàfáyàt, ó sì ń tà jù mí lọ, ọmọ burúkú.

Òjò ti kásẹ̀.

Àlàmísì, 13 Nòfẹ́ńbà

29. Ti Kumba 31. Mo kọjá rẹ̀, inú mi ò dùn. Tí mi ò bá fọwọ́ kan ìgò rẹ̀ ní oṣù ààwẹ̀, bóyá ì bá ti jinná. Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó ní bóyá. Mo sọ ọ́ fún Kumba. Ó ní kí n jẹ ẹja mi.

Àlàmísì, 27 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún pé lónìí. Dókítà kó ìgò gbogbo wọn jọ, ó lọ jókòó ti ìwé rẹ̀. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó rí. Tèmi kò ju owó dàlàsì onírin kan lọ. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ló bẹ́.

Àlàmísì, 11 Dìsẹ́ńbà

Sísítà gbé fíìmù lé ojúgun mi, ó ṣí bírò, ó tẹ orí sílẹ̀. Bírò wà lókè. Ó gbé fíìmù kúrò, ó nù ún, ó tún gbé e lé e.

"Mama," ló wí, "a nọ si natin fọ drọ."

Kò rí nǹkan kan fà. Awọ ló wà níbẹ̀, ó tinrin, ó ń dán, ó pupa díẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, kò dùn mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé níwájú gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì, mi ò sì bìkítà. Sísítà lọ wá fíìmù àkọ́kọ́ fún mi, ti oṣù kẹjọ, ó ní kí n máa mú Gánà mi lọ. Mo gbé e sójú fèrèsé. Ó tóbi gan-an.

Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò sọ pé oògùn ni, kò sọ pé kì í ṣe oògùn.

Ti Kumba ṣẹ́ kù bí èèpo ẹ̀pà kan. Ó ń jó fún mi lórí ìjókòó.

Sátidé, 13 Dìsẹ́ńbà. Iléyá

Mo ṣe àlùwàlá, mo bu omi sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọdún kẹfà rèé tí ọwọ́ mi ń gba orí báńdéèjì kọjá. Omi tutù. Mo tún bu òmíràn sí i láìjẹ́ pé ó yẹ.

Bàbá Kàfáyàt mú mi dé Yídì, ó dúró wò mí títí mo fi wọ àárín àwọn obìnrin. Mo rí àyè ní sáàfù iwájú, láàárín ìyá Aku kan àti ìyàwó ilé kan tó fi tùràrí kun aṣọ. Wọn ò mọ̀ mí rí. Ẹsẹ̀ èyí kan tèmi lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ìyẹn kàn mí lósì. Ohun tí mo tọrọ gan-an nìyẹn, ó sì rí bí mo ti rò ó. Mo wà níbẹ̀ bóyá ìṣẹ́jú kan.

Mo wẹ̀yìn láti wá Kumba. Ó wà ní sáàfù kejì lẹ́yìn mi, báńdéèjì funfun lókè kókósẹ̀. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ti òsì náà fà á. Kumba dúró láàárín, ó ń wo iwájú, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo mọ ojú yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Mo ká ẹní mi. Ìyá Aku ní sáàfù á dàrú, mo ní kó forí jì mí. Mo padà sẹ́yìn, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kumba, mo fi ẹsẹ̀ mi tuntun ti báńdéèjì rẹ̀. Ó rọra ní kí n padà síwájú, ó ní mo ti dúró dè é láti ọdún mẹ́fà. Mo ní kó dákẹ́, lèmọ́mù fẹ́ kabara.

Láti òwúrọ̀ ni mo ti to ohun tí mo fẹ́ tọrọ sọ́kàn: ilé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ rere fún Kàfáyàt, ọjà, ìwé dókítà kó yọrí sí rere. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọpẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu mi, mo sì ń ṣe é títí Kumba fi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi, pé àwọn yòókù ti dìde.